Aṣọ ẹbí tí kòkòrò HIV wọ̀: ohun tí aránṣọ kan kọ́ mi

"Ẹ fọkàn yín balẹ̀, Mọ́mì. Àwọn sójà ara yín ti ń pọ̀ sí i."

Ẹnu ara mi ni gbólóhùn yìí ti jáde lọ́dún 2013, nínú láàbù kékeré kan ní agbègbè Ọ̀mù-Àrán. Mo rò pé ìtùnú ni mo ń fún obìnrin tó jókòó síwájú mi. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí gbólóhùn yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀.

Aránṣọ ni obìnrin náà. Ó ti fọwọ́ sí i pé kí n sọ ìtàn yìí, ó ní ẹlòmíràn lè rí ti ara rẹ̀ níbẹ̀, kí n ṣáà má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ọsibítù. Ìyá Aránṣọ ni n ó máa pè é.

Iṣẹ́ láàbù ni mo kọ́. Ìlọrin ni mo ti kàwé, kí iṣẹ́ tó gbé mi lọ sí ìhà gúúsù Kwara. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a máa ń ka CD4 nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn èèyàn á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì: ará Ọ̀rọ̀, ará Àrán-Ọ̀rin, ará Ìsánlú-Ìsin. Àwọn mìíràn wá láti Ìlọrin gan-an. Wọ́n fi ọsibítù ẹ̀gbẹ́ ilé wọn sílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò gba Gànmọ̀ àti Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, kí ojúlùmọ̀ má baà rí wọn. Àwọn ará Ọ̀mù-Àrán náà ń wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin nítorí ohun kan náà. Mo máa ń rò ó pé àwọn mọ́tò méjèèjì á máa pàdé ara wọn lọ́nà.

CD4 tí à ń kà yìí jẹ́ purotéènì kan tó yọrí jáde lára irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan. Sẹ́ẹ̀lì yìí ni ọ̀gá sójà: òun ló ń pàṣẹ fún àwọn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀, òun náà ló ń ran àwọn tó ń ṣe èròjà tó ń gbógun ti àrùn lọ́wọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ le a máa ní bíi 500 sí 1,500 nínú ẹ̀jẹ̀ tí kò ju orí pínnì lọ. Bó bá ti wálẹ̀ ju 200 lọ, àwọn àrùn tí ara ìbá fi ọwọ́ òsì lé dànù á bẹ̀rẹ̀ sí í gbélé. Ti Ìyá Aránṣọ jẹ́ 287 nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ lórí oògùn, ó di 431. Ni mo bá sọ ohun tí mo sọ.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, ó padà wá. Bùbá tó wọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti gbà á wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mo rí ojú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, mo rí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ aṣọ náà ṣì ń yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀. Nígbà tó la ẹnu, ahọ́n rẹ̀ funfun bí ìgbà tí èèyàn mu ògì tí kò fi omi yọ ẹnu. CD4 rẹ̀ ti di 94.

"Mọ́mì, ṣé ẹ dá oògùn dúró ni?"

"Mo dá a dúró, Dókítà." Gbogbo ẹni tó bá ti wọ ẹ̀wù funfun ni dókítà lọ́dọ̀ wọn. "Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé àwọn sójà mi ti ń pọ̀ sí i. Mo wá ní oúnjẹ ló kù kí n máa fún wọn, kí wọ́n lè lágbára. Sójà tó pọ̀, tó sì yó, kí ló tún fẹ́ fi oògùn ṣe?"

Oògùn ìgbà náà máa ń mú kí òòyì kọ́ ọ lóòótọ́, ó sì máa ń mú un lá àlá tó ń dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú un dá a dúró. Ó ti kó owó tó ń pa nídìí ìránṣọ lé tóníìkì ẹ̀jẹ̀, oyin ìgàn àti àgbo oríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ láti fi bọ́ àwọn sójà tí mo ní wọ́n ti ń pọ̀.

Mo jókòó, mi ò rí èsì fọ̀. Kò sí àbùkù nínú èrò obìnrin yìí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí mo ṣe là á sílẹ̀ fún un, ohun tó ṣe ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe. Èmi ni mo gbé àwòrán tí kò péye lé e lọ́wọ́: ogun, agbára, iye. Ìwé ìléwọ́ wa pàápàá ń pe HIV ní kòkòrò apa-sójà-ara. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mi ò sì lè lọ pè wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n tọ́jú ẹnu rẹ̀, wọ́n sì dá a padà sórí oògùn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn iná ò sí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo ṣí àwọn ìwé tí mo ti ń rù kiri láti Tanke ní Ìlọrin, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dán wò lọ́la.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí yà mí lẹ́nu. Àwọn oníṣègùn ńlá ti dán ohun tí Ìyá Aránṣọ ṣe wò ṣáájú rẹ̀. Èròjà kan wà tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, interleukin-2 ni wọ́n ń pè é. Òun ló máa ń sọ fún àwọn sójà pé kí wọ́n bí sí i. Wọ́n ṣe é ní abẹ́rẹ́, wọ́n fún àwọn tó ní HIV pọ̀ mọ́ oògùn wọn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tó ń lo oògùn nìkan. Ìwádìí méjì ni wọ́n ṣe, àwọn tó kópa nínú méjèèjì sì lé ní 5,000. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 2009, CD4 àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ga ju ti àwọn yòókù lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn wọn ò dín, ikú wọn ò dín. Sójà pọ̀ sí i, ìlú ò rí ààbò kún ààbò. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, ní 2006, ìwádìí mìíràn ti fi hàn pé àwọn tó ń dá oògùn dúró nígbà tí CD4 wọn bá ga, tí wọ́n ń padà sí i nígbà tó bá wálẹ̀, àwọn ló ń ṣàìsàn jù, àwọn ló sì ń kú jù. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé fún ọdún méje nígbà tí mo ń fi iye sójà yin Ìyá Aránṣọ.

Ibi tí kòkòrò náà ń gbé ló fà á. Inú àwọn sójà yìí gan-an ni ilé rẹ̀. Sójà tó ń sùn kò wúlò fún un tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó jí, tó gbára dì, tó ń múra ogun, inú irú rẹ̀ ló ti ń bí sí i jù. Ẹni tó bá ń bọ́ sójà láìlo oògùn, yàrá ló ń kọ́ fún àlejò tó fẹ́ lé jáde.

Àmọ́ ìbéèrè tó gbà mí lóorun yàtọ̀ sí ìyẹn. Báwo ló ṣe ń wọlé, tó ń jáde, tó ń rìn láàárín àwọn sójà bẹ́ẹ̀, tí wọn kò dá a dúró?

Nígbà tí ara Ìyá Aránṣọ yá díẹ̀, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo mú aṣọ kan dání kí aládùúgbò má baà máa ṣe kàyéfì. Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, ṣọ́ọ̀kì wà létí rẹ̀ bíi bírò, léèsì àwọ̀ ewé sì kún orí tábìlì títí dé ilẹ̀: aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan. Ó rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ ra omi, kí á lè sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, mo ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe pé àwọn sójà yín ò lágbára. Wọn ò dá a mọ̀ ni."

"Sójà tí kò mọ ọ̀tá? Kí ló dé tí wọn ò fi dá a mọ̀?"

Mo ní, "Inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ègé egungun rẹ̀, ìhòòhò ló wà nígbà náà. Kó tó jáde, àwọn ègé náà á lọ to ara wọn jọ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì náà láti inú, kòkòrò á fi awọ yẹn wé ara rẹ̀ yípo, á wá já bọ́ síta. Awọ yín ló wọ̀ jáde."

Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dààlì. "Ṣé aṣọ ẹbí ló rán ni?"

Ó wá sọ fún mi. Lọ́dún kan, ó rán aṣọ ẹbí òde ìgbéyàwó kan ní Àjàṣẹ́. Yáàdì mẹ́ta ṣẹ́kù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sì tà á fún ọkùnrin kan láìsọ fún un. Ọkùnrin náà rán an, ó wọ̀ ọ́ wá sóde. "Mogbọ́moyà pọ̀ lóde, Dókítà, a sì máa ń mọ̀ wọ́n, torí aṣọ wọn yàtọ̀. Tirẹ̀ ò yàtọ̀. Wọ́n gbé oúnjẹ fún un ṣáájú àna. Ó bá ìyàwó jó. Nígbà tó yá, ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó owó sí, ó gbé báàgì kan jáde lójú gbogbo wa. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà lágbára, àgbẹ̀ ni wọ́n. Kí ni wọ́n fẹ́ fi agbára ṣe? Ẹbí ọkọ rò pé ẹbí ìyàwó ni, ẹbí ìyàwó rò pé ẹbí ọkọ ni."

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ka ìwé nípa HIV, mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó mọ́lẹ̀ tó èyí. Mo padà sí ibi iṣẹ́, mo gbé àwọn ohun tí mo mọ̀ lé orí aṣọ ẹbí náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń bá a mu.

Ẹ wo aṣọ náà fúnra rẹ̀. Awọ sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò yìí fi wé ara kì í ṣe awọ lásán. Àwọn àmì ẹbí ṣì wà lára rẹ̀. Purotéènì tí wọ́n ń pè ní HLA, tó jẹ́ bí ilà ojú tí sẹ́ẹ̀lì fi ń sọ pé "ọmọ ilé yìí ni mí", ó bá awọ náà lọ. Purotéènì méjì mìíràn, CD55 àti CD59, náà bá a lọ. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni pé kí wọ́n sọ fún àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa àjèjì pé kí wọ́n má fọwọ́ kan sẹ́ẹ̀lì wa. Kòkòrò ti gbé wọn wọ̀, àwọn èròjà náà á sì fà sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Purotéènì tirẹ̀ kan tó yọrí síta, gp120, tó yẹ kó tú u fó, ṣúgà ló fi bò ó. Bí ìdajì ìwọ̀n gp120 ló jẹ́ ṣúgà, sẹ́ẹ̀lì wa ló sì fi ṣúgà náà sí i lára, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà tó fi ń ṣe ti ara rẹ̀. Àwọn tó ń wá àlejò á fojú wo ṣúgà yẹn, wọ́n á rí ti ilé.

Èyí ni aṣọ tí ó jí. Ó tún ní èyí tí ó rán kó jọ ti onílé. Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, mo sì gbà pé ó yẹ kí á máa yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí a bá ń ṣàlàyé. Ẹni tó wọ ẹ̀wù mi yàtọ̀ sí ẹni tó gbóhùn mi tó fi pe ọmọ mi jáde.

Ọdún 1983 ni Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí kòkòrò náà ní Paris. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n mọ̀ pé CD4 ni ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé. Iṣẹ́ CD4 gan-an ni láti bọ HLA kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ́wọ́, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ní ìròyìn tó fẹ́ jẹ́. gp120 ló wá na ọwọ́ dípò HLA. Ìbọwọ́ rẹ̀ tún le ju ti oníbọwọ́ lọ: HLA rọra di CD4 mú ni, gp120 kì í jẹ́ kó lọ.

Ṣùgbọ́n CD4 nìkan ò tó. Ó gba ọdún 12 lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn kejì. Tí n bá dé ibí yìí, àrokò ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Láyé àwọn baba wa, owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ. Tí tọ̀hún bá so mẹ́jọ padà, ó ń sọ pé èrò wa jọ. Ara wa náà ní àrokò ẹyọ mẹ́fà. Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á tú purotéènì kéékèèké sínú ẹ̀jẹ̀, èyí á máa fa àwọn sójà wá sí ojú egbò. Àwọn ihò kan wà lára àwọn sójà tí wọ́n fi ń gba àrokò náà. CCR5 ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ihò wọ̀nyí. Nígbà tí gp120 bá ti di CD4 mú, á yí ara padà, á na apá kan tí wọ́n ń pè ní V3 jáde, á sì ki í bọ inú CCR5, inú ihò gan-an tí àrokò gidi ń wọ̀. Sójà rò pé wọ́n ń pe òun síṣẹ́. Ìgbà yẹn ni gp41, purotéènì kòkòrò náà mìíràn, á yọ bí abẹ́rẹ́, á rán awọ kòkòrò pọ̀ mọ́ awọ sójà, ọ̀nà á sì là.

Purotéènì mìíràn wà tó ń jẹ́ Tat. Sẹ́ẹ̀lì tó ti ní kòkòrò a máa tú u síta, apá kan lára rẹ̀ sì jọ àrokò. Ó ń fa àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí kò tíì ní àrùn wá sí ìtòsí ibi tí àrùn wà. Owó ẹyọ mẹ́fà, àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ ẹbí ló so ó.

Pé ihò yìí ṣe pàtàkì, ara èèyàn ni wọ́n ti rí ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn kan wà tí a bí láìní CCR5 tó pé. Èyí wà láàárín àwọn ará Yúróòpù, ó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Lọ́dún 2007, ní Berlin, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n gbà lára irú ẹni bẹ́ẹ̀, tọ́jú ará Amẹ́ríkà kan, Timothy Ray Brown, tó ní HIV àti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. HIV kò padà wá títí tó fi kú lọ́dún 2020, jẹjẹrẹ ló pa á. Ìtọ́jú yẹn léwu, kì í ṣe ohun tí à ń fún gbogbo èèyàn, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ kí ìrètí má baà sáré ju ẹsẹ̀ lọ.

Èyí tó kó mi láyà jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti Nef, purotéènì kòkòrò náà mìíràn. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan nínú ara ló ń pàtẹ. Ohunkóhun tó bá ń ṣe nínú ilé, á gé díẹ̀ nínú rẹ̀, á gbé e sórí àtẹ HLA síta, àwọn sójà tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tí àrùn ti wọ̀ á sì máa rìn kọjá, wọ́n á máa wo ọjà. Bí wọ́n bá rí ọjà tó ṣàjèjì, wọ́n á pa sẹ́ẹ̀lì náà. Nef á wá kó àtẹ nílẹ̀. Ẹ ó rò pé ó parí síbẹ̀. Rárá. Ara ní ọdẹ mìíràn tó jẹ́ pé ilé tí kò pàtẹ rárá ló máa ń fura sí, òun ló ń pa. Nef mọ̀. Àtẹ tí wọ́n ń pè ní HLA-A àti HLA-B, tó lè tú u fó, ló ń kó kúrò. Ó sábà máa ń fi HLA-C àti HLA-E sílẹ̀, kí ọdẹ yẹn lè rí àtẹ lẹ́nu ọ̀nà kó sì kọjá lọ. Jíìnì mẹ́sàn-án péré ni kòkòrò yìí ní. Tiwa bíi 20,000.

Ìbéèrè kan wà tí ẹni tó ń ronú á bi mí, Ìyá Aránṣọ sì bi mí. "Bí wọn ò bá dá a mọ̀ rárá, kí ni ìlà pupa inú ìdánwò yín ń rí?" Ara ń dá a mọ̀, àmọ́ ẹ̀wù àná ló ń dá mọ̀. Èròjà tí ara ṣe láti fi gbógun ti kòkòrò náà ni ìdánwò wa ń rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kòkòrò yìí kì í fara balẹ̀ da ara rẹ̀ kọ. Àṣìṣe pọ̀ nínú àdàkọ rẹ̀, nípa bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́. Kí ara tó mọ ibi tí aṣọ ò bò, ibẹ̀ ti di nǹkan mìíràn. Àwọn kan nínú wọn sì ti kọ ara wọn sínú DNA, ìwé ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì, ti sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn, wọ́n dákẹ́, wọn ò pàtẹ ohunkóhun. Ohun kan náà ló ń fún àwọn tó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára ní wàhálà. Èyí tó tíì sún mọ́ ọn jù, tí wọ́n dán wò lára èèyàn tó lé ní 16,000 ní Thailand, dáàbò bo èèyàn dé bíi ìpín 31 nínú 100 péré nígbà tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009.

Kí ló wá dé tí oògùn fi ń ṣiṣẹ́? Ibí yìí ni mo ti mọ̀ pé ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Aṣọ ni kòkòrò yìí lè yá. Irinṣẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń rù káàkiri, tó fi ń da ìwé ara rẹ̀ kọ sí irú lẹ́tà tí sẹ́ẹ̀lì wa lè kà. Ó ní òmíràn tó fi ń rán ìwé náà mọ́ DNA wa. Oògùn ò bìkítà nípa aṣọ, kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Irinṣẹ́ yẹn ló ń lọ bá. Tenofovir tó wà nínú oògùn wọn, òun náà ń farawé. Ó jọ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà tí ẹ̀rọ ìdàkọ yẹn ń tò. Ẹ̀rọ náà á mú un, á tò ó, kò sì ní ibi tí lẹ́tà tó kàn á so mọ́. Ìwé já sí àárín.

Nígbà tí mo sọ èyí, Ìyá Aránṣọ dìde. Ó ṣí agolo abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó tú u kiri, ó mú bọ́tìnnì kan jáde. Funfun ni, ó rí bíi ti ẹ̀wù mi gẹ́lẹ́. Ó wà nínú páálí tó rà lọ́jà, ẹni tó ṣe é gbàgbé láti lu ihò sí i. "Mo ti mú un lẹ́ẹ̀mẹta láti fi rán aṣọ," ó ní, "torí ó jọ àwọn yòókù. Abẹ́rẹ́ á kàn gún un, á dúró." Ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó dán, ó tutù, mo fi èékánná wá ihò lójú rẹ̀, mi ò rí i.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti dẹ́kun sísọ ọ̀rọ̀ sójà tó pọ̀. Mo tún dẹ́kun pípe àrùn yìí ní kògbóògùn, mo sì ń bẹ gbogbo ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò pé kí wọ́n fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Mo rántí bó ṣe wọ etí wa. Ọmọ iléèwé gíga ni mí ní Ìlọrin lọ́dún 1997, nígbà tí Fela kú, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Olikoye Ransome-Kuti, tó ti jẹ́ mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló fa ikú náà. Àwọn àgbà àdúgbò wa ò gbà. Wọ́n ní ẹni tó ní éèdì, egungun ló yẹ kó kù, bí wọ́n ṣe ń yà á sára ògiri. Wọ́n rò pé ojú lè dá a mọ̀, ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí a dá fún iṣẹ́ náà gan-an ò lè ṣe. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e kúrò lára pátápátá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń gbóògùn. Ẹni tó ń lò ó déédéé títí ẹ̀rọ kò fi rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́ kò lè kó o ran ẹni tó ń bá a sùn. Èèyàn tó gbọ́ "kògbóògùn" lójoojúmọ́, kí ni á fi gbé oògùn mì?

Láti ọdún 2015 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kòkòrò náà lóògùn lọ́jọ́ tó bá ti mọ̀, láìdúró de iye CD4. Inú mi dùn. Iye tí mo fi ṣi Ìyá Aránṣọ lọ́nà kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń pinnu mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìlọrin nínú kúlà láti ka kòkòrò fúnra rẹ̀ ni à ń wò báyìí. Ti Ìyá Aránṣọ ti lé ní ọdún mẹ́rin tí ẹ̀rọ kò ti rí nǹkan kan níbẹ̀. Bùbá rẹ̀ ọjọ́sí, ó ti tú gbogbo ojú abẹ́rẹ́ méjèèjì, ó sì fi aṣọ kún ẹ̀gbẹ́.

Nígbà tí òjò ń parí lọ, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ipò rẹ̀ jókòó síwájú mi. Kò sunkún. Ó ní òun máa ń jẹun dáadáa, òun kì í ṣàìsàn, agbára òun pọ̀, kí ló dé tí ara òun fi gbà á láyè? Mo bi í bóyá ó fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo pe Ìyá Aránṣọ, ó ní kí n mú un wá.

Ó gbé àpótí fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Kò sọ̀rọ̀ sójà, kò sọ̀rọ̀ ogun. Ó ṣí agolo, ó kó bọ́tìnnì mẹ́fà sí i lọ́wọ́ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, ó ní, "Dákun, bá mi rán àwọn wọ̀nyí mọ́ ẹ̀wù yìí." Ọmọ náà rán méjì, ó rán ẹ̀kẹta. Ó mú ẹ̀kẹrin, abẹ́rẹ́ yọ̀, ó tún un gún, ó yọ̀. Ó yí bọ́tìnnì náà sí òkè, ó yí i sí ìsàlẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú.

"Mà, eléyìí ò níhò."

"Ẹn-ẹ́n," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó sì fa àpótí tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Mo rọra jáde, mo fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀.